Ọdún tí Yunifásítì Kó Wálé sí Òdòde

Òdòde Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó kì í ṣe ìlú yunifásítì. Ìlú kòkó ni, ìlú òkúta ni. Ọmọ Òdòde tó bá fẹ́ kàwé gboyè á di ẹrù rẹ̀ sọ́kọ̀, á gba Àkúrẹ́ lọ, níbi tí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀, FUTA, ti wà láti ọdún 1981. Ẹlòmíràn á forí lé Àkùngbá, Ọ̀wọ̀, Oǹdó, Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn. Bí wọ́n bá ti lọ báyìí, àyè á gba àwọn tó kù nílé: àbúrò á kó wọ yàrá ẹ̀gbọ́n, tàbí kí bàbá máa to àpò kòkó síbẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù Kẹta ọdún 2020, gbogbo wọn ti padà dé lẹ́ẹ̀kan náà. Fóòmù wà lórí ọkọ̀, sítóòfù wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìwé tí wọn ò tíì kà dé ìdajì wà nínú báàgì. Ọ̀pọ̀ wọn ló sọ fún ìyá wọn pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, àwọn ò ní pẹ́ padà.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ náà lé ní oṣù mẹ́sàn-án.

Ẹ jẹ́ ká to àwọn ọjọ́ náà bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó gbé kòkòrò Kòrónà wọ Nàìjíríà, ọmọ Ítálì kan tó gba Èkó kọjá sí ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kéde pé ó ti di àjàkálẹ̀ àrùn tó kárí ayé. Ní ọjọ́ 19, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ di títì. NUC, àjọ tó ń ṣàkóso yunifásítì, ní kí ti yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 23. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 9 oṣù kan náà ni àwọn olùkọ́ yunifásítì, lábẹ́ ẹgbẹ́ wọn, ASUU, ti gùn lé ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ọlọ́sẹ̀ méjì. Ọjọ́ 23 náà gan-an ni wọ́n sọ ọ́ di èyí tí kò ní gbèdéke.

Àgádágodo méjì ni wọ́n fi ti ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀kan wà lọ́wọ́ dókítà, ti èkejì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń san owó oṣù l'Ábùjá. Ẹni tí kò bá fi èyí sọ́kàn kò lè mọ ìdí tí àrùn kan náà fi ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà yàtọ̀ sí bó ṣe ṣe àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ilẹ̀ mìíràn.

Ohun tó wà nídìí ìjà ASUU kò kan àìsàn rárá. Ìjọba fẹ́ kí gbogbo olùkọ́ máa gba owó oṣù nípasẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní IPPIS. ASUU ní ètò náà kò bá bí yunifásítì ṣe ń ṣiṣẹ́ mu, wọ́n sì gbé tiwọn kalẹ̀, wọ́n pè é ní UTAS. Ọ̀rọ̀ owó àtúnṣe yunifásítì, tó ti wà nílẹ̀ láti ìgbà àdéhùn ọdún 2009, tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó kọ̀ láti forúkọ sílẹ̀ fún IPPIS fi oṣù púpọ̀ wà láìrí owó oṣù. Nítorí náà, nígbà tí òbí ní Òdòde ń ráhùn pé ọmọ òun jókòó sílé, ìdílé olùkọ́ kan ní Àkúrẹ́ ń ráhùn pé ìkòkò òun ò gbóná. Àwọn méjèèjì ni ìyà kan náà ń jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ti ara wọn rò.

Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tí Kòrónà mú. Títí dìgbà náà, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àrùn àwọn olówó tó ń wọ bàálù ni. Lópin oṣù Kẹfà ni Gómìnà Rótìmí Akérédolú fúnra rẹ̀ jáde sọ pé àyẹ̀wò fi hàn pé òun ti kó o. Nígbà tó di ọjọ́ 2 oṣù Keje, kọmíṣọ́nnà ètò ìlera rẹ̀, Dókítà Wahab Adégbenró, dolóògbé. Ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣàwàdà tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìbòmú.

Ó yẹ ká rántí pé ẹ̀rù ibà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Oǹdó. Ibà Lassa ti ń jà níbẹ̀ lọ́dọọdún, àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ sì ti di ògbóǹtarìgì nínú ìtọ́jú rẹ̀. Ní ọdún 2020 yìí kan náà, Oǹdó, Ẹdó àti Ẹ̀bọ́nyì ni Lassa ti pọ̀ jù ní gbogbo Nàìjíríà. Ọmọ tó bá ti ọgbà yunifásítì dé, tí ara rẹ̀ wá gbóná lálẹ́ ọjọ́ kẹta, kí ni kí ìyá rẹ̀ pè é? Ṣé ibà ẹ̀fọn ni, àbí ti eku, àbí èyí tuntun yìí? Gbogbo wọn ló lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ara gbígbóná àti orí fífọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ló wá di olùtúmọ̀ nínú ilé. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí WhatsApp ń fò káàkiri: ẹnì kan á ní ògógóró ló ń pa á, ẹlòmíràn á ní opó 5G ló ń fà á. Ní oṣù Kẹta náà, lẹ́yìn tí ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà náà, Donald Trump, yin oògùn chloroquine, àwọn èèyàn kan ní Èkó mu ún jù, ó sì gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Nínú irú ariwo bẹ́ẹ̀, ọmọ tó ń kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí ní ọdún kejì ni ìyá àgbà ń pè kó wá sọ èwo ni òótọ́. Ẹ̀kọ́ tí wọn kò parí rí ibì kan wúlò.

"Ilé ni àbọ̀sinmi oko," ni àwọn àgbà wí. Lọ́dún náà, ẹni tó bọ̀ sílé kò sinmi, nítorí oko ló kàn. Láti nǹkan bí oṣù Karùn-ún, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, ni àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú lórí igi máa ń jà. Àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fín oògùn sí i, kó máa ṣán abẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kó sì máa já èyí tó ti bàjẹ́ dànù kó má ran èyí tó kù. Àwọn òṣìṣẹ́ tó máa ń ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá ṣe iṣẹ́ yìí kò rí ọ̀nà gbà, torí ìjọba ti fòfin de ìrìn láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, òfin tí wọn kò sì ká kúrò títí di ọjọ́ kìíní oṣù Keje. Ta ló wá kù? Ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná gbé ẹ̀rọ ìfínkòkó kọ́ ẹ̀yìn. Ọmọ tó ń kọ́ ìṣirò owó lọ ń ka èso lórí igi. Inú àwọn bàbá kan dùn sí i, ká má parọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí ọmọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lóko.

Inú ilé ni ọ̀rọ̀ ti le. Ọmọ tó ti fi ọdún mẹ́ta pinnu fúnra rẹ̀ ìgbà tó máa sùn àti ìgbà tó máa jí, tó ń jẹun nígbà tó wù ú, tó ń lọ síbi tó wù ú, wá di ọmọ abẹ́ bàbá padà. Aago méje alẹ́, "Níbo lò ń lọ?" Aago mẹ́fà àárọ̀, "O ò tíì gbálẹ̀?" Bó bá mú fóònù dání, "Ṣé ìwé lò ń kà ni, àbí o kàn ń tẹ nǹkan yìí?" Òbí náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ìyá tó ti mọ iye kóńgò gààrí tí ń gbé ilé rẹ̀ dé ìparí ọ̀sẹ̀ rí i pé ọjọ́ kẹrin ló tán. Ọjà kò sì tà bó ṣe yẹ, nítorí òfin kónílé-ó-gbélé. Ní Èkó, Ògùn àti Ábùjá, òfin yìí bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta. Oǹdó náà ti ẹnubodè rẹ̀, ó sì dín àpéjọ kù. Alájàpá tó ń kó aṣọ wá láti Èkó kò rí ọ̀nà gbà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ.

Òkè Ìdànrè pàápàá dákẹ́. Àkàsọ̀ tó lé ní 600 ni èèyàn máa ń gùn kó tó dé ìlú àtijọ́ lókè, níbi tí ààfin Ọwá, kóòtù àtijọ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1896 wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gùn ún, pàápàá lásìkò Àjíǹde. Àjíǹde ọdún 2020 bọ́ sí ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, àárín ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pé jọ. Àwọn tó ń ta omi tútù àti súyà nísàlẹ̀ òkè mọ ohun tí ọdún náà gbà lọ́wọ́ wọn.

Àwọn ará Ìdànrè ṣì ń gbé lórí òkè yẹn nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ńlá tó ṣáájú wọ ilẹ̀ Yorùbá. Lùkúlùkú ni wọ́n pè é. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918 ló bá ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ sí Èkó, ó sì bá rélùwéè gòkè. Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ló pa ní Nàìjíríà. Kò sí yunifásítì kankan nígbà náà tí ẹnì kan ì bá tì: ọdún 1948 ni ti Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wà. Ní Ìsọ́nyìn lágbègbè Ìjẹ̀bú, olùkọ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Sophia Ọdúnlámì ní Ọlọ́run rán òun pé kí àwọn èèyàn fi omi òjò àti àdúrà ṣe oògùn. Òun àti Joseph Shadare wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àdúrà tí wọ́n pè ní Òkúta Iyebíye sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹgbẹ́ tó wà nídìí ohun tó padà di ìjọ CAC. Àjàkálẹ̀ àrùn máa ń da ilé-ẹ̀kọ́ rú, àmọ́ ó tún máa ń gbé olùkọ́ kúrò níwájú pátákó lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò rò.

Ti ọdún 2014 ṣì wà lọ́kàn àwọn òbí. Nígbà tí àrùn Ebola bá arìnrìn-àjò ọmọ Làìbéríà kan, Patrick Sawyer, wọ Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, ìjọba sún ìwọlé ilé-ẹ̀kọ́ sí ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá, ó tún fà á padà sí ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án. Èèyàn 20 ló mú, ó pa mẹ́jọ, WHO sì kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá pé ó ti kúrò nílẹ̀ yìí. Ó kúrò kíá. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ rò ní 2020 pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ náà ni.

Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún sọ. Àwọn yunifásítì aládàáni tètè bẹ̀rẹ̀; wọ́n gbé ẹ̀kọ́ sórí Zoom àti Google Classroom, ọ̀pọ̀ òbí sì ń jà pé báwo ni àwọn yóò ṣe san owó oúnjẹ àti ibùsùn tí ọmọ àwọn kò jẹ, tí kò sì sùn sí. Ti ìjọba kò bẹ̀rẹ̀ rárá, nítorí olùkọ́ wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì. Ká tiẹ̀ ní wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀, lọ́dún náà, nínú ìṣirò NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀, ìlò íntánẹ́ẹ̀tì tó yára kò dé ìdajì àwọn ará Nàìjíríà. Òkúta yí Òdòde ká, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sì rí bákan náà níbi gbogbo. Ẹni tó bá tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ dé abà kòkó ti jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ọmọ yunifásítì aládàáni tó wà nílé náà ń bá iná jà. Tí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í han, olùkọ́ kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Tí ohun gbogbo bá sì ń lọ dáadáa, ìyá á pè é láti ilé ìdáná pé kó wá bá òun gún iyán. Ta ló máa sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun wà ní kíláàsì, nígbà tó jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ló jókòó sí?

Ọ̀rọ̀ ìwé kíkà nílé yìí ní ẹ̀gbẹ́ kan tó burú ju dátà lọ. Ní ìlú Benin, ní ìparí oṣù Karùn-ún, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 22 kan, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní Yunifásítì Benin, lọ ka ìwé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì nítosí ilé nítorí pé ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn kan wọlé bá a, wọ́n fipá bá a lò, wọ́n ṣe é léṣe, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mìíràn nínú ilé wọn ní Ìbàdàn. Àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ 36 kéde ní oṣù Kẹfà pé ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ ti di pàjáwìrì. Àwọn òbí tó ti ń rò pé ìgboro yunifásítì nìkan ni ewu wà fún ọmọbìnrin wá rí i pé ewu mọ ọ̀nà ilé. Ọgbà yunifásítì, pẹ̀lú gbogbo àbùkù rẹ̀, ní yàrá ìkàwé, ní iná alẹ́, ní ẹgbẹ́ tí ọmọ lè bá rìn. Nígbà tí wọ́n tì í, wọn ò fi nǹkan kan rọ́pò ìyẹn.

Ẹ wá wo Gánà. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ni ilé-ẹ̀kọ́ tì níbẹ̀, ṣáájú tiwa. Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì wọn ti padà wọlé. Kòkòrò kan náà ni. Àgádágodo kan ṣoṣo ni wọ́n ní láti ṣí.

Ní Nàìjíríà, ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ni àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá ilé-ẹ̀kọ́ girama padà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò WAEC ní ọjọ́ 17. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé àbúrò ń wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ jáde láàárọ̀, tí ẹ̀gbọ́n tó wà ní yunifásítì ń lọ sí oko. Ní oṣù Kẹwàá, ìjọba ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ lè ṣí. Àwọn aládàáni bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọ wọn padà, ti ìjọba àpapọ̀ ò sún. Lọ́jọ́ 10 oṣù náà, wọ́n dìbò gómìnà ní Oǹdó lẹ́yìn ìpolongo tí èrò pọ̀ nínú rẹ̀, Akérédolú sì wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Èrò kò ṣeé kó jọ sínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ṣùgbọ́n ó ṣeé kó jọ sí ìta gbangba láti gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí i. Nígbà tí #EndSARS, ìwọ́de láti tako àwọn ọlọ́pàá SARS, bẹ́ sílẹ̀ nínú oṣù yẹn, tó sì dé Àkúrẹ́, kò ya èèyàn lẹ́nu pé àwọn tó kún ojú títì jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò ní kíláàsì tí wọ́n ń lọ.

Lẹ́yìn odi, ọ̀nà mìíràn ni ìdàrúdàpọ̀ náà gbà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, Yunifásítì Harvard sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n kó jáde nínú ibùgbé wọn ní ọjọ́ 15. Ọjọ́ márùn-ún péré. Ọmọ Boston lè pe bàbá rẹ̀ kó gbé mọ́tò wá. Àmọ́ ó lé ní 13,000 ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà lọ́dún náà, ìlú wọn sì ti ń ti pápákọ̀ òfurufú rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje, ìjọba Amẹ́ríkà tún ní àlejò tó bá jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ti ń kàwé gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ àwọn. Harvard àti MIT gbé e lọ sí kóòtù, ìjọba sì yí i padà ní ọjọ́ 14. Àwọn òbí tó wà nílé níbí fi ọjọ́ mẹ́jọ yẹn gbààwẹ̀.

Ní Ìlú Ọba, àwọn ìdílé Yorùbá tó ń gbé níbẹ̀ rí tiwọn nínú oṣù Kẹjọ. Ìdánwò A-level kò ṣeé ṣe, wọ́n wá fi kọ̀ǹpútà ṣírò máàkì. Ní ọjọ́ 13, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 nínú 100 máàkì tí àwọn olùkọ́ fi sílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà já wálẹ̀, yunifásítì sì kọ ọ̀pọ̀ ọmọ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ariwo ta, ìjọba yí ìpinnu padà ní ọjọ́ 17. Oṣù Kẹsàn-án dé, wọ́n gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, wọ́n gba owó ilé lọ́wọ́ wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n há bí 1,700 ọmọ Manchester Metropolitan mọ́ inú ibùgbé wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ Nàìjíríà tó ń fi iṣẹ́ ilé oúnjẹ san owó yàrá níbẹ̀ pàdánù iṣẹ́. Òfin ìwọ̀lú rẹ̀ kò sì jẹ́ kó gba ìrànlọ́wọ́ ìjọba. Kí bàbá tó wà nílé fi owó ránṣẹ́, náírà ti jábọ̀: ní oṣù Kẹta nìkan, iye tí báńkì àpapọ̀ ń ta dọ́là kan fò láti nǹkan bí 306 náírà sí 360.

Owó náà ló ń bá wa padà sí Àkúrẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUTA tí kò rí ibùsùn nínú ọgbà máa ń gba yàrá ní South Gate, North Gate àti agbègbè wọn, ọdún kan gbáko ni onílé sì ń gba owó rẹ̀. Owó tí wọ́n san ní oṣù Kẹwàá tàbí oṣù Kíní ń sáré lọ nígbà tí ìlẹ̀kùn wà ní títì pa. Nígbà tí ọdún pé, onílé ní kí wọ́n san òmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ ní òun ò gbé inú rẹ̀. Onílé ní ilé òun kọ́ ló lé e jáde. Àwọn méjèèjì jàre, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹjọ́ náà ṣòro. Níwájú géètì, àwọn ìyá olóúnjẹ, àwọn tó ń ṣe fọ́tókópì, àwọn ọlọ́kadà, àwọn tó ń ta káàdì: gbogbo ọjà wọn ló dúró lórí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ti Àkùngbá tún le ju ti Àkúrẹ́ lọ, nítorí Àkúrẹ́ ní òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ra oúnjẹ. Àkùngbá kò ní oníbàárà mìíràn tó tó àwọn ọmọ yunifásítì.

Ìdílé àgbẹ̀ kòkó tún ní wàhálà kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé ìròyìn. Oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kejìlá ni kòkó ńlá máa ń jáde, ìgbà náà sì ni yunifásítì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun. Owó kòkó ń wọlé, owó ilé-ẹ̀kọ́ ń jáde. Ó ti bá ara mu láti ayé àwọn bàbá wọn. Ní 2020, kòkó jáde, ọmọ kò lọ. Owó wà nílé, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu pọ̀ nílé. Wọ́n fi jẹun, wọ́n fi tún òrùlé ṣe, wọ́n fi san gbèsè. ASUU dá ìyanṣẹ́lódì dúró ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá, ìjọba ní kí ilé-ẹ̀kọ́ ṣí ní ọjọ́ 18 oṣù Kíní 2021, ìgbà tí igi kòkó ti ń gbófo. Ọ̀pọ̀ ló yá owó lórí kòkó tí kò tíì yọ òdòdó.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni òfò, ó yẹ ká sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ aṣọ rírán, àkàrà òyìnbó ṣíṣe, irun gígẹ̀, bàtà ṣíṣe. Àwọn mìíràn fi WhatsApp dá ìṣòwò sílẹ̀, wọn ò sì fi í sílẹ̀ mọ́ títí dòní. Ẹlòmíràn kọ́ Yahoo, jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹlòmíràn lóyún, ẹlòmíràn di bàbá. Àwọn kan kò padà sí ilé-ẹ̀kọ́ mọ́, ó dà bíi pé kò sí ẹni tó jókòó ka iye wọn.

Nǹkan kan wà tí àwọn tó ń sọ pé yunifásítì Nàìjíríà kò wúlò gbọ́dọ̀ gbọ́. Ní Ẹdẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Yunifásítì Redeemer's, ilé ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ń darí, ACEGID, bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní NCDC, àjọ tó ń dènà àrùn, àti NIMR, ilé ìwádìí ìṣègùn ti Nàìjíríà, ka ìlànà àbùdá kòkòrò Kòrónà tí wọ́n rí lára ẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà, ibẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ni wọ́n sì gbé e jáde, kí wọ́n tó ti ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Láti Ọ̀ṣun ni ayé ti gbọ́ irú kòkòrò tó wọ Èkó.

Ìlẹ̀kùn tí wọ́n ṣí ní 2021 kò dúró pẹ́ kó tó tún mì. Ní oṣù Keje, bí ìgbì kẹta àrùn náà ṣe dé, Yunifásítì ìlú Èkó, UNILAG, fún àwọn ọmọ inú ọgbà rẹ̀ ní ọjọ́ kan péré láti kó jáde, ó sì gbé ẹ̀kọ́ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì 2022, ASUU tún dáṣẹ́ sílẹ̀, ó di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá kí wọ́n tó padà. Oṣù mẹ́jọ, láìsí àrùn kankan. Àwọn yàrá tí wọ́n ti tún kó àpò kòkó sí ní Òdòde, wọ́n tún kó o kúrò níbẹ̀.

Àwọn tó jókòó ìdánwò JAMB tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2020 ló jẹ ìyà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n súnmọ́ mílíọ̀nù méjì tó forúkọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yege kò rí kíláàsì wọ̀ títí di ọdún 2021, ìgbà tí àwọn tó ṣe JAMB lẹ́yìn wọn náà ti ń kanlẹ̀kùn. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá gba iṣẹ́ ẹ̀rọ ọlọ́dún márùn-ún, oṣù mẹ́jọ ti 2022 tún kún un. Àwọn yunifásítì fún sáà ẹ̀kọ́ pọ̀ kí wọ́n lè lé ọdún bá: ìdánwò méjì nínú ọjọ́ kan, ìsinmi tí kò tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àgùnbánirọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta 2020, NYSC tú àgọ́ rẹ̀ ká káàkiri ilẹ̀ yìí, títí kan èyí tó wà ní Ìkàrẹ́-Àkókó, lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan péré tí wọ́n wọ ọ́. Oṣù Kọkànlá ni wọ́n tó ṣí i padà. Òfin NYSC ní ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó gboyè kò ní sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ìwé àyọ̀ǹda ni wọ́n máa fún un. Ẹni tó wọ yunifásítì ní ọmọ ọdún 25 nítorí pé ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ oko láti kó owó jọ, tó sì ti ṣírò pé òun á parí ní 29, ni àgádágodo méjì yẹn gbé kọjá ààlà náà. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan ṣì máa ń béèrè lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ló dé tí kò sin ìjọba.